Mọ̀ríámọ̀ Lọ Wo Ọkọ Rẹ̀ Nínú Sinimá

Bí Mọ̀ríámọ̀ bá rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ ènìyàn, ó sàn kí onítọ̀hún ti jẹ ìgbájú. Kì í pariwo, kì í ṣépè. Yóò kàn wo ènìyàn láti orí dé ẹsẹ̀, yóò sọ gbólóhùn kan péré, gbólóhùn náà yóò sì bá ẹni náà délé, yóò bá a jẹun, yóò bá a sùn. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti lọ́kọ, nínú agbo ilé kan tí kò jìnnà sí Ọjà Igbó. Kíjìpá ló ń hun. Àgbẹ̀ a máa wọ kíjìpá rẹ̀ títí ọmọ àgbẹ̀ náà yóò fi jogún rẹ̀. Bí oníbàárà bá wá ná an ní ìnákúnàá, a ní, "Ẹ má bínú, n kì í hun aṣọ ìnujú."

Ọkọ rẹ̀ ni Mashood, àgbẹ̀ jẹ́jẹ́ kan tó ní oko sí apá Ìrẹsà. Ohun tí obìnrin ẹlẹ́nu mímú bẹ́ẹ̀ rí lára ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ kò yé ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé. Mashood nìkan ni Mọ̀ríámọ̀ kò rí nǹkan kan lára rẹ̀ tí yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Kareem ni ẹ̀gbọ́n Mashood, ọmọ baba kan náà ni wọ́n. Akódà ni Kareem ní kóòtù ìbílẹ̀. Ó ní fìlà pupa, ó ní aṣọ kakí, ó sì ní bẹ́líìtì tó ń dán ju ojú ẹni tó dè é lọ. Nígbà tí ogun Jámánì bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ń wá àwọn tí yóò ru ẹrù tẹ̀lé ọmọ ogun lọ sí Kàmẹrúùnù, wọ́n ní kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan fi ọkùnrin kan sílẹ̀. Kareem bí ọmọkùnrin mẹ́ta tí wọ́n sígbọnlẹ̀ tó ẹni tó lè gbé ẹṣin. Kò rí ìkankan nínú wọn lọ́jọ́ náà. Mashood tó ti oko wá kí i ló rí.

"Oṣù mẹ́ta péré ni," ó wí fún Mọ̀ríámọ̀. "Yóò dé kí iṣu tuntun tó jáde."

Iṣu tuntun jáde, Mashood kò dé. Àwọn aláàárù tí wọ́n jọ lọ padà wálé lẹ́yìn ogun. Ọ̀kan nínú wọn wá bá Mọ̀ríámọ̀, kò lè wo ojú rẹ̀. Ó ní ìgbẹ́ ọ̀rìn ló dá Mashood dúró létí odò kan, àwọn sì gbé e sábẹ́ igi, àwọn ń lọ, nítorí kò sáyè àtidúró. Ó ní nígbà tí àwọn ń lọ, omi kò gbà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ẹni tó ní làákàyè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yìí túmọ̀ sí. Kareem ni kò mọ̀. Ó ní ẹni tí kò rí òkú kò gbọdọ̀ sunkún òkú, àti pé kò sí ẹni tí yóò ṣe fìdáù fún alààyè níṣojú òun. Ó ní títí àbúrò òun yóò fi dé, òun yóò máa bá a bójú tó oko rẹ̀. Ó sì bójú tó o gidigidi. Ó ń wa iṣu ibẹ̀, ó ń ká irúgbá ibẹ̀, àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta tí kò rí lọ́jọ́ ogun ló sì ń rù ú wálé. Mọ̀ríámọ̀ àti Ràmọ́tà ọmọ rẹ̀ a máa ra iṣu jẹ lọ́jà.

Òfin ẹ̀sìn kò fi obìnrin sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Alfa Nùrẹ́nì, tó ń ṣe Lèmọ́mù àdúgbò náà, ti sọ ọ́ pé bí ọkùnrin bá sọnù tí ọdún mẹ́rin kọjá, tí kò sí ìròyìn rẹ̀, aya rẹ̀ lè ṣe opó kó sì gba òmìnira. Kareem di gbólóhùn kan mú nínú rẹ̀: tí kò sí ìròyìn. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí ìròyìn kò dé. Lọ́dún kan, Gàm̀bàrí onímáàlúù kan ló rí Mashood ní Kánò. Lọ́dún kejì, ọmọ ogun kan ló bá a pàdé ní Lọ́kọ́já. Kò sí ẹni tó mọ Gàm̀bàrí náà, kò sì sí ẹni tó mọ ọmọ ogun náà. Àwọn àgbà agbo ilé ń mi orí, wọ́n ń wo fìlà pupa, wọ́n ń dákẹ́. Ọdún mẹ́jọ ni Mọ̀ríámọ̀ fi wà bẹ́ẹ̀, kò ṣe opó, kò ṣe aya.

Ní ọjọ́ kan, Kareem ti Ọ̀yọ́ dé, ó ń ké láti ẹnu ọ̀nà.

"Ìyàwó! Bọ́ síta! Mo rí ọkọ rẹ!"

Mọ̀ríámọ̀ so òwú tó já lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ná kó tó dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Akódà. Níbo lẹ ti rí i?"

"Ní Ọ̀yọ́. Nínú sinimá."

"Ta ní ń jẹ́ Sinimá?"

Kareem ṣàlàyé. Ó ní ọkùnrin ará Èkó kan ló gbé ẹ̀rọ òyìnbó wá fún ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní wọ́n ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, àwọn ènìyàn sì ń rìn nínú aṣọ náà, wọ́n ń sáré, wọ́n ń jà. Ó ní nínú aṣọ yìí ni òun ti rí Mashood pẹ̀lú ẹrù lórí.

"Ó ti sanra, ìyàwó! Ó ń rẹ́rìn-ín!"

"Ọdún mẹ́jọ ló ti ń ru ẹrù, ó sanra, ó sì ń rẹ́rìn-ín," Mọ̀ríámọ̀ wí. "Bàbá Akódà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rán àwọn ọmọ yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbẹ̀. Wọ́n ti rù díẹ̀."

Àwọn obìnrin tó wà nítòsí fi aṣọ bo ẹnu. Kareem kò kà á sí. Ó pa àgbò, ó pe àwọn ará àdúgbò, àwọn ènìyàn sì ń wá kí Mọ̀ríámọ̀ pé ẹ kú oríire, Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká ríkú rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹran tán kí wọ́n tó rántí béèrè bóyá àwòrán lè fi ẹnu sọ ibi tó wà. Bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ta làákàyè wa ní gbàǹjo, kó pa àgbò.

Kareem rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ̀ríámọ̀ lọ kúnlẹ̀ níwájú Alfa Nùrẹ́nì, ó ní bí ọkọ òun bá wà nínú aṣọ, òun fẹ́ lọ wò ó. Alfa ní ẹ̀bẹ̀ náà tọ́. Ó ní òun pàápàá yóò tẹ̀lé wọn, kí ọ̀rọ̀ yìí lè níbi tí yóò parí sí. Wọ́n gbọ́ pé lọ́jọ́ Sátidé, onísinimá yóò fi gbogbo àwòrán tó ní hàn láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kó tó kó ẹrù rẹ̀ padà sí Èkó. Kareem bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó ní àyà ń dun òun, ó ní iṣẹ́ kóòtù pọ̀. Alfa ní, "Akódà, ìwọ lo rí i. Ìwọ ni yóò nàka sí i." Kò rí ibi sá gbà.

Wọ́n wọ lọ́rì lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n sì sùn sílé Adéjọkẹ́, ẹ̀gbọ́n Mọ̀ríámọ̀, lẹ́yìn Akẹ̀sán. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n lọ sí ilé ńlá kan tí àwọn oníṣòwò ń kó òwú sí. Wọ́n ti kó òwú tán nínú rẹ̀, wọ́n fi ẹní dí gbogbo fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ má baà wọlé. Alfa wo ẹnu ọ̀nà tó ṣókùnkùn náà, ó ní òun kì í wo ère. Ó tẹ́ ẹní ìkírun rẹ̀ sábẹ́ igi ọdán níta, ó jókòó, ó fa tẹ̀súbáà yọ. Àwọn yòókù wọlé.

Mo ti gbọ́ ìròyìn ọjọ́ náà lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, wọ́n á máa sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀run ni wọ́n ṣí fún wọn wò. Mo béèrè lọ́wọ́ Mọ̀ríámọ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó darúgbó. Ó ní aṣọ tí wọ́n ta náà ló kọ́kọ́ wò. Ó ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bí ìyàwó ilé kan bá gbé e wá fún òun láti fi pọn ọmọ, òun yóò bá ọmọ náà kẹ́dùn.

Orúkọ onísinimá náà ni Ebenezer. Ó wọ kóòtì òyìnbó, ó so táì mọ́ ọrùn nínú ooru tó ń mú ewúrẹ́ yọ ahọ́n. Ó tan àtùpà gáàsì sínú ẹ̀rọ, ó ń fi ọwọ́ yí i, ó ń ké "Sáíléǹsì!" sí àwọn ènìyàn, ó sì ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń wò bí ó ṣe ń yí i lọ. Àwòrán àlòkù ni gbogbo wọn. Òyìnbó ti wò wọ́n sú kí wọ́n tó tà wọ́n fún Èkó, Èkó ti wò wọ́n sú kí wọ́n tó dé Ọ̀yọ́. Wọ́n ti ha tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi dà bí ẹni pé òjò ń rọ̀ nínú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti nínú ilé àti ní ìta.

"Òyìnbó kan ń sáré, òyìnbó kejì ń lé e," Mọ̀ríámọ̀ wí fún mi. "Èyí tó ń lé e ṣubú sínú ọ̀dà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òmíràn tún dé, òun náà ń sáré, òun náà ṣubú. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan ń yí ojú bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun, Ebenezer ní ìfẹ́ ló ń ṣe é. Àwọn bàbá tí wọn kì í bá aya wọn sọ̀rọ̀ nílé ń sunkún nítorí rẹ̀."

Kareem ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó ń tòògbé. Lójijì, ọkọ̀ ojú omi ńlá kan yọ lójú aṣọ, ọkùnrin dúdú kan sì kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fa okùn. Kareem ta gìrì.

"Òun nìyẹn! Mashood! Àbúrò mi rèé o!"

Gbogbo ilé hó yèè. Àwọn tó wà lẹ́yìn dìde láti wò ó. Mọ̀ríámọ̀ ní ara òun gbọ̀n láti àtàǹpàkò dé àtàrí. Ó ní òun kórìíra Kareem fún gbígbọ̀n yẹn ju bí òun ṣe kórìíra rẹ̀ fún oko lọ. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Bàbá Akódà, ẹ̀yìn lẹ rí."

"N kò lè ṣi ẹ̀yìn àbúrò mi mọ̀!"

Ọkùnrin náà yíjú. Irùngbọ̀n funfun rẹ̀ gùn dé àyà. Ẹ̀rín bú nínú ilé òwú, ẹnì kan ní, "Akódà, àbúrò yín ti di baba yín!" Kareem jókòó. Ó ní oorun ló wà lójú òun, ti Mashood ṣì ń bọ̀ níwájú.

Wọ́n wò títí oòrùn fi kan àtàrí. Mọ̀ríámọ̀ jáde lọ kírun Àílà nígbà tí Ebenezer dúró láti jẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ tutù, ó sì tún padà wọlé. Adéjọkẹ́ fà á láṣọ.

"Àbúrò, jẹ́ ká lọ jẹun. Ooru yìí á pa wá."

"Ẹ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ wò ó tán. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ lọ́la pé ìgbà tí mo lọ jẹun ni Mashood kọjá."

Nígbà tí ọ̀sán ti ń rọ̀, àwọn tó ru ẹrù wá yọ. Wọ́n tò gbọọrọ nínú koríko gíga, òyìnbó kan wà níwájú wọn pẹ̀lú ìbọn. Kareem tún fò dìde. Lọ́tẹ̀ yìí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Ẹ wò ó! Ẹ wò ó! Àbí mo purọ́?"

"Èwo nínú wọn?" Mọ̀ríámọ̀ béèrè.

"Èyí tó ṣáájú!"

"Ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú yẹn?"

"Rárá, èyí tó tẹ̀lé e. Èyí tó... ó ti kọjá."

"Bàbá Akódà," ni obìnrin náà wí, gbogbo ilé sì gbọ́ ọ, "okùn ni wọ́n fi kọ́ ẹrù sí iwájú orí, wọ́n pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ. Nínú agbo ilé wa, ta lẹ rí rí tó ń ru ẹrù báyìí?"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé orí ni àwa ń gbé ẹrù lé. Ojú wọn wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò kàn wò ni. Bí Ebenezer ti ń yí ẹ̀rọ, ó kígbe láti ẹ̀yìn pé òyìnbó ọlọ́dẹ kan ló lọ pa erin ní ilẹ̀ kan tó jìnnà ní ìlà-oòrùn, ọdún púpọ̀ kí ogun Jámánì tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní nígbà tí wọ́n ya àwòrán náà, àwọn ará Ọ̀yọ́ kò tíì gbọ́ orúkọ Kàmẹrúùnù. Kareem mú fìlà rẹ̀, ó dé e, ó tún ṣí i.

Ẹlòmíràn ì bá dìde máa lọlé. Mọ̀ríámọ̀ kò dìde. Ó ránṣẹ́ sí Ebenezer pé kó tún àwọn tó ru ẹrù náà fi hàn. Ebenezer ní kó dúró di ìgbẹ̀yìn. Mo bi í léèrè pé kí ló tún fẹ́ wò, nígbà tó ti mọ̀ pé Mashood kò sí níbẹ̀. Ó wò mí bí ó ti máa ń wo àwọn tó ná kíjìpá rẹ̀ ní ìnákúnàá.

"Ṣé o rò pé àwọn yẹn náà kò ní aya nílé ni?"

Nígbà tó di ìgbẹ̀yìn, Ebenezer fẹ́ pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ó dá fíìmù náà padà sínú ẹ̀rọ, ó sì ń yí i láti òpin wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ọlọ́dẹ ń fi ẹ̀yìn rìn. Koríko tí wọ́n ti tẹ̀ ń dìde. Àwọn tó ru ẹrù ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tẹrù-tẹrù. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú wọn. Kareem náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé wọ́n ti gbàgbé òun.

Mọ̀ríámọ̀ dìde láàárín wọn, òjìji orí rẹ̀ sì bọ́ sójú aṣọ.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín," ó wí. "Nígbà tí wọ́n ń kó àwọn tiwa lọ, ẹ ò sunkún. Nísinsìnyí tí ẹ rí àwọn tó ń padà bọ̀, ẹ̀rín ló ń pa yín."

Ẹ̀rín náà kú. Ebenezer ń yí ẹ̀rọ lọ, kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́ nígbà tí aṣọ funfun ṣófo.

Níta, oòrùn ti ń wọ̀. Mọ̀ríámọ̀ mú Ebenezer lọ sábẹ́ igi ọdán, ó kúnlẹ̀, ó ní kó sọ ohun tó mọ̀ fún Alfa. Ebenezer nu òógùn ojú rẹ̀, ó sọ ibi tí àwọn àwòrán náà ti wá, ó sì sọ àwọn méjì tí Kareem pè ní Mashood nínú wọn.

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?" Alfa béèrè. "Èwo ni Akódà yìí rí nígbà náà?"

Ebenezer yíjú sí Kareem.

"Bàbá onífìlà pupa yìí? Kò rí ìkankan, sà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kó ṣí fìlà kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè ríran, ó ní fìlà ìjọba ni, kò ṣe é ṣí fún sinimá. Kò wọlé rárá."

Alfa Nùrẹ́nì yí tẹ̀súbáà mọ́ ọwọ́.

"Akódà, mélòó ni Mashood tí o rí lónìí?"

Kareem ní ooru inú ilé náà pọ̀, ó ní ojú ń ṣe òun bàìbàì láti ìjẹta. Alfa jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Láàárọ̀, o ní ó wà nínú ọkọ̀ ojú omi. Lọ́sàn-án, o ní ó wà nínú igbó. Lọ́dún kan, ó wà ní Kánò. Ọkùnrin tó lè rìn tó báyìí, kò lè rìn wálé wá wo ọmọ rẹ̀? Kò sí ìròyìn. Kò sí ìròyìn rí. A ó ṣe fìdáù rẹ̀ bí a bá délé."

Wọ́n ṣe é. Àwọn tó jẹ àgbò oríire náà ló tún wá jẹ ti òkú, ẹnu kan náà ni wọ́n sì fi ṣàdúrà. Mọ̀ríámọ̀ sunkún lọ́jọ́ náà, ó sun ún tí àwọn tó ń bẹ̀rù ẹnu rẹ̀ kò mọ ibi tí wọn yóò wò. Lẹ́yìn náà, ó wọlé opó, ó ṣe é pé.

Nígbà tó jáde, Alfa pín ogún, oko Ìrẹsà sì kan Mọ̀ríámọ̀ àti Ràmọ́tà. Kareem gba ìpín tí òfin fún un, ó ń kùn pé ó kéré, òun tó ti fi ọdún mẹ́jọ bójú tó oko. Àwọn àgbà agbo ilé tí ẹnu wọn kò là láti ọjọ́ yìí wá là á nísinsìnyí: wọ́n ní kí wọ́n ṣú opó, kí Mọ̀ríámọ̀ mú ọkọ nínú àwọn ọmọ ilé. Ojú kò ti Kareem. Ó rán ìyàwó rẹ̀ àgbà sí i pé òun ti ṣe tán láti fi í ṣe aya.

"Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Akódà," Mọ̀ríámọ̀ wí fún ìyáálé náà. "Ẹ ní ojú ń ṣe wọ́n bàìbàì, wọ́n lè ṣi ìyàwó mú."

Wọ́n sọ ọ́ ní Ọjà Igbó títí ó fi dé kóòtù, àwọn akódà ẹgbẹ́ Kareem pàápàá sì ń fi kí i láàárọ̀. Kò pẹ́ tó fi tọrọ pé kí wọ́n gbé òun lọ sí kóòtù ìletò kan tó jìnnà. Wọ́n gbé e lọ.

Mọ̀ríámọ̀ kò fẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkùnrin méjì, ó tó mẹ́ta, wá. Ó ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ jù. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, òun àti Ràmọ́tà gba ọ̀nà Ìrẹsà. Wọ́n bá oko náà bí àwọn ọmọ Kareem ti fi í sílẹ̀: wọ́n ti dáná sun ahéré, ẹ̀kan ti bo ebè, ẹ̀ka irúgbá tí wọ́n ṣẹ́ kọ́ sórí igi, ó gbẹ. Mọ̀ríámọ̀ dúró, ó wò ó yíká, ó pòṣé. Lẹ́yìn náà, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gbá a mọ́ ìdí, ó na ọwọ́ sí Ràmọ́tà pé kó gbé ọkọ́ wá.